Ọ̀NÀ KAN KÒ WỌ ỌJÀ

Ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ bá yín sọ lónìí kì í ṣe tuntun sí ẹnikẹ́ni tí ó wà ní ìpàdé gbogbogbòò wa tí ó kọjá. Àwọn ọ̀dọ́ wa dá àbá pé kí Ẹgbẹ́ má ṣe gba owó oṣù ní ọwọ́ mọ́, kí olúkúlùkù máa fi tirẹ̀ ránṣẹ́ sí àkáǹtì Ẹgbẹ́ láti inú fóònù. Àwọn àgbà kan dáhùn pé àwọn kò ní san owó tí àwọn kò lè fi ojú rí. Ohùn ga, inú sì bí àwọn kan. Alága ní kí a so ọ̀rọ̀ náà rọ̀ di ìpàdé tí ń bọ̀. Nígbà tí ó ṣì wà nílẹ̀ báyìí, ó yẹ kí ìwé yìí sọ èrò tirẹ̀, láìfi igbá kan bọ ọ̀kan nínú.

Èrò wa nìyí. Àwọn ọ̀dọ́ kò purọ́, àwọn àgbà náà kò purọ́, ṣùgbọ́n ibi tí ó rọ olúkúlùkù lọ́rùn ni ó ti di ọ̀rọ̀ náà mú. Ọ̀nà kan kò wọ ọjà. Kí Ẹgbẹ́ gba owó ọwọ́, kí ó sì gba owó inú fóònù. Kí a má ṣe ti ọ̀kankan nínú ilẹ̀kùn méjèèjì.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ fún àwọn ọ̀dọ́ ní ẹ̀tọ́ wọn. Nígbà tí rélùwéè dé Kánò ní ọdún 1912, tí àwọn bàbá wa láti Ọ̀fà, láti Ògbómọ̀ṣọ́, láti Ìlọrin àti ibòmíràn bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀dó sí Sábọ́n Gárì, ọ̀kan nínú ohun tí ó ń dà wọ́n láàmú ni bí owó yóò ṣe dé ilé. Ẹni tí ó mọ ọ̀nà ilé ìfìwéránṣẹ́ a ra mọníódà. Ẹni tí kò mọ̀ ọ́n a di owó sínú aṣọ, a fi rán ará ìlú rẹ̀ tí ń lọ sílé, tàbí kí ó kó o lé dírẹ́bà lọ́rì lọ́wọ́. Òmíràn a dé, òmíràn a sọnù sọ́nà, òmíràn a sì dá ìjà sílẹ̀ láàrin ẹbí títí ọjọ́ ikú. Lónìí, ìyá tí ń ta ata ní ọjà Sábọ́n Gárì lè fi owó ilé-ìwé ránṣẹ́ sí ọmọ rẹ̀ ní Ìbàdàn kí ó tó wọn ata tán fún oníbàárà. Kò gbé owó wọ ọkọ̀, àwọn olè ojú ọ̀nà kò rí i. Ẹni tí ó bá ní èyí kì í ṣe ohun rere, kò rántí ibi tí a ti ń bọ̀.

Àǹfààní kejì tún wà níbẹ̀. Owó tí ó gba inú báǹkì kọjá a máa fi ẹsẹ̀ sílẹ̀. Ọjọ́ tí ó wọlé, iye tí ó jẹ́ àti orúkọ ẹni tí ó san án, gbogbo rẹ̀ ni ó wà ní àkọsílẹ̀. Ẹgbẹ́ mélòó ni ó ti tú ká nítorí pé akápò ní òun kò gba owó, tí ọmọ Ẹgbẹ́ sì ń búra pé òun san?

Ṣùgbọ́n àwọn àgbà tí ń fòyà náà ní ìdí. Ojú wọn ti rí nǹkan. Ní oṣù kìíní ọdún 1968, nígbà ogun abẹ́lé, ìjọba pààrọ̀ owó pọ́n-ùn oníbébà. Ní ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún 1973, pọ́n-ùn àti ṣílè di náírà àti kọ́bọ̀. Ní oṣù kẹrin ọdún 1984, ìjọba ológun ti ẹnubodè, wọ́n sì yí àwọ̀ owó padà láàrin ọjọ́ díẹ̀. Ẹni tí ó ti la gbogbo ìwọ̀nyí kọjá kì í ṣe òpè bí ó bá bèèrè pé, "Ẹ̀yin ọmọ yìí, ṣé ó dá yín lójú?"

Èyí tí ó kẹ́yìn kò tíì kúrò lára ẹnikẹ́ni nínú wa. Ní ọjọ́ 26 oṣù kẹwàá ọdún 2022, Báńkì Àpapọ̀ kéde pé a ó yí 200 náírà, 500 náírà àti 1,000 náírà padà, àti pé nígbà tí oṣù kìíní ọdún 2023 bá parí, ti àtijọ́ kò ní í jẹ́ owó mọ́. Lẹ́yìn náà wọ́n sún un sí ọjọ́ 10 oṣù kejì. A kó owó àtijọ́ lọ sí báǹkì gẹ́gẹ́ bí wọ́n ti wí. Tuntun kò jáde tó. Ní òpópónà wa níhìn-ín, ẹni tí ó fẹ́ gba 10,000 náírà lọ́wọ́ oní-POS ń san 2,000 tàbí 3,000 náírà lé e. Ẹ wo ayé! A ń fi owó ra owó.

Ní ọ̀sẹ̀ kejì oṣù kejì yẹn gan-an ni ọ̀kan nínú àwọn bàbá wa kú. Ó ti sọ fún àwọn ọmọ rẹ̀ pé Ògbómọ̀ṣọ́ ni kí wọ́n gbé òun lọ. Owó wà ní àkáǹtì Ẹgbẹ́, ó tó, ó sì ṣẹ́kù. Akápò wa dúró níwájú báǹkì láti ìdájí títí di ọ̀sán, 5,000 náírà péré ni wọ́n fún un. Dírẹ́bà tí yóò gbé òkú ní òun kò gba owó inú fóònù, nítorí pé òun yóò jẹun lọ́nà, òun yóò sùn, taya sì lè jò. A kò lè bá a jà, òótọ́ ni ó sọ.

Níbo ni ìrànlọ́wọ́ ti wá? Àwọn obìnrin wa ni wọ́n kọ́kọ́ gbé àpótí wọn jáde. Ẹ rántí pé a ti máa ń fi àpótí yẹn ṣe ẹ̀fẹ̀, nítorí pé 100 náírà àti 50 náírà ni ó kún inú rẹ̀. Ṣùgbọ́n àṣẹ tuntun kò kan 100 náírà àti àwọn tí ó kéré sí i. A tú u sórí ẹní, a kà á, ó jẹ́ 41,000 náírà. Ó tó oúnjẹ àti ibùsùn, kò tó epo. Nígbà náà ni ọ̀dọ́kùnrin kan dìde, ọ̀kan nínú àwọn tí ó dá àbá tí a ń jà lé lórí yìí, ó gba ọ̀dọ̀ Alhaji aládùúgbò wa lọ, ọmọ Haúsá tí ó ní ilé epo. Ó fi owó ránṣẹ́ sí i láti inú fóònù. Ẹ̀ẹ̀kíní kọ̀, ẹ̀ẹ̀kejì kọ̀, ẹ̀ẹ̀kẹta ni ó tó wọlé. Alhaji kún táńkì ọkọ̀, ó tún fi kẹ́ẹ̀gì epo méjì lé e láìgba kọ́bọ̀, ó ní bàbá náà àti òun ti jọ jẹun rí. Bàbá wa dé ilé ní ọjọ́ kejì.

Ẹ wò ó dáadáa. Owó àpótí ni dírẹ́bà fi jẹun, owó fóònù ni a fi ra epo. Bí a bá ti kọ ọ̀kan nínú méjèèjì sílẹ̀ ṣáájú ọjọ́ náà, òkú àgbà ìbá wà nílẹ̀ nígbà tí owó rẹ̀ wà ní báǹkì.

Àwọn kan yóò ní ìyẹn ti kọjá. Òótọ́ ni pé àwọn ìjọba ìpínlẹ̀ Kàdúná, Kogí àti Sàmfárà kọ́kọ́ gbé ọ̀rọ̀ náà lọ sí Ilé Ẹjọ́ Gíga Jùlọ, àwọn ìpínlẹ̀ mìíràn sì dara pọ̀ mọ́ wọn. Ní ọjọ́ kẹta oṣù kẹta ọdún 2023, ilé ẹjọ́ náà ní kí owó àtijọ́ máa jẹ́ ná títí òpin ọdún. Síbẹ̀ ó di ọjọ́ 13 oṣù náà kí Báńkì Àpapọ̀ tó sọ fún àwọn báǹkì pé kí wọ́n tẹ̀lé ìdájọ́. Nígbà tí ó di oṣù kọkànlá ọdún kan náà, ilé ẹjọ́ ní kí ti àtijọ́ àti ti tuntun jọ máa jẹ́ ná lọ. Ìyẹn ti kọjá lóòótọ́, ṣùgbọ́n àwa ará Òkè Ọya mọ ohun mìíràn tí àwọn ará ilé kò mọ̀ tó wa. Ní ọdún 2013, nígbà tí ìjọba kéde òfin pàjáwìrì ní Bọ̀rnó, Yóbè àti Adamáwá, wọ́n pa nẹ́tíwọ́ọ̀kì fóònù níbẹ̀. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2021, wọ́n pa á ní Sàmfárà nítorí àwọn ajínigbé, wọ́n sì tún pa á ní apá kan Kàtsínà àti Kàdúná. A kò sọ pé wọn kò ní ìdí. Ohun tí a ń sọ ni pé ní ọjọ́ tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì bá kú, owó inú fóònù kò lè ra búrẹ́dì. Ẹgbẹ́ tí ó wà ní àjò kò gbọdọ̀ gbàgbé èyí.

Fún ìjọba, ọ̀rọ̀ wa kò pọ̀. Ẹni tí ó fẹ́ kọ́ afárá tuntun kì í wó ti àtijọ́ nígbà tí èrò wà lórí rẹ̀. Kí iná dúró, kí nẹ́tíwọ́ọ̀kì dé ìletò, kí owó tí ó bá sọnù nínú àṣìṣe tètè padà sọ́wọ́ ẹni tí ó ni ín. Bí ìwọ̀nyí bá ṣe tán, ẹnikẹ́ni kò ní í fi túláàsì mú wa wọ fóònù. Ẹsẹ̀ wa ni a ó fi rìn lọ.

Fún àwa tìkára wa, ọ̀rọ̀ pọ̀. Púpọ̀ nínú àwọn ìyá wa ni ó ní fóònù, ṣùgbọ́n ọmọ tàbí ọmọ-iṣẹ́ ni ó mọ nọ́ḿbà àṣírí tí a ń pè ní PIN. A kò pe ọmọ ẹnikẹ́ni ní olè. Ṣùgbọ́n ta ni nínú yín tí yóò kó kọ́kọ́rọ́ àpótí rẹ̀ fún ọmọ ọdún 15, tí yóò sì sùn lọ? Nọ́ḿbà yẹn ni kọ́kọ́rọ́. Báǹkì kankan kì í pe ènìyàn lórí fóònù láti bèèrè rẹ̀. Ẹni tí ó bá bèèrè, olè ni, bí ó tilẹ̀ mọ orúkọ bàbá yín. Bí oníbàárà bá fi fóònù tirẹ̀ hàn yín pé owó ti lọ, ẹ má ṣe wo tirẹ̀, ẹ wo tiyín. Títí owó yóò fi hàn ní àkáǹtì yín, ẹ má ṣe gbé ọjà fún un. Àwọn mìíràn sì ń lo nọ́ḿbà fóònù tí ó wà ní orúkọ ọmọ-iṣẹ́ wọn àtijọ́. Ẹ lọ yí i padà sí orúkọ ara yín, nítorí pé ẹni tí nọ́ḿbà bá jẹ́ tirẹ̀ lórí ìwé lè gbà á padà, kí ó sì fi ṣí ilẹ̀kùn owó yín.

Ní ti àbá tí ó wà nílẹ̀, ohun tí a fẹ́ kí ìpàdé gbà nìyí. Èkíní, kí a máa gba owó oṣù ní ọ̀nà méjèèjì, kí akápò kọ gbogbo rẹ̀ sínú ìwé kan ṣoṣo, kí olúkúlùkù sì gba rìsíìtì. Ẹni tí owó tí báǹkì ń yọ bá ń dùn, kí ó fi ti oṣù mẹ́ta ránṣẹ́ lẹ́ẹ̀kan. Èkejì, kí àkáǹtì wà ní orúkọ Ẹgbẹ́, kí ó má ṣe wà ní orúkọ ẹnikẹ́ni, bí ó ti wù kí onítọ̀hún jẹ́ olóòótọ́ tó. Kí ènìyàn méjì máa fọwọ́ sí i kí owó tó jáde, kí àláàtì sì máa dún lórí fóònù akápò àti ti akọ̀wé. Ẹ̀kẹta, kí àpótí wà, kí owó tí ó tó gbé òkú kan délé máa wà nínú rẹ̀ nígbà gbogbo, kí apá kan rẹ̀ jẹ́ owó kéékèèké, kí kọ́kọ́rọ́ méjì wà lọ́wọ́ ènìyàn méjì. Kí a sì fi àpótí náà sọ́dọ̀ àwọn obìnrin, nítorí pé wọ́n ti fi hàn pé ó tọ́ sí wọn. Ẹ̀kẹrin, kí àwọn ọ̀dọ́ fi ìdajì wákàtí lẹ́yìn ìpàdé kọ́ àwọn àgbà ní èdè Yorùbá, kí àgbà fi ìka ara rẹ̀ tẹ fóònù, kí ọmọdé má ṣe gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Fóònù kékeré tí kò ní íntánẹ́ẹ̀tì pàápàá lè ṣe é.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹ má ṣe rò pé ẹni tí ó bá ń lọ́ra ti gọ̀. Ó ń rántí ni. Ẹ̀yin àgbà, ẹ má ṣe rò pé ẹni tí ó bá ń yára ń ṣe àfojúdi. Ọ̀nà tí yóò gbà sìn yín ni ó ń wá. Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò sì wọ akèrègbè. Ẹ jẹ́ kí gbogbo wa wá sí ìpàdé tí ń bọ̀, kí a jókòó, kí a sọ ọ́ ní pẹ̀lẹ́, kí a sì dìde ní ọ̀kan. Àjò ni a wà. Bí a kò bá di ara wa mú, ta ni yóò gbé wa délé?