Ẹ̀wà Sóyà Kò Jẹ̀bi

Àwọn àgbà ní agbẹ́jọ́-ẹnìkan-dá, àgbà òṣìkà ni. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti dá ẹ̀wà sóyà lẹ́bi: wọ́n ní ó ń gba agbára lára ọkùnrin, ó sì ń fa jẹjẹrẹ ọmú fún obìnrin. Ó yẹ kí ará àdúgbò Ire-Akari ní Èkó gbọ́ tẹnu ẹnìkejì, nítorí ẹlẹ́rìí kò jìnnà sí i. Ní Oshodi ni FIIRO wà, ilé-iṣẹ́ ìwádìí ìjọba àpapọ̀ tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1956. Ibẹ̀ ni wọ́n ti po sóyà mọ́ àgbàdo di sóyà-ògì, nítorí ògì lásán kì í gbé ọmọ tí a já lẹ́nu ọmú ró. Purotéènì tó ń mú ara dàgbà kéré nínú àgbàdo, ṣùgbọ́n ó ju ìdámẹ́ta ìwọ̀n sóyà gbígbẹ lọ. Ọmọ tí kò bá rí purotéènì jẹ tó ni kúaṣíọ́kọ̀ ń mú, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ń wú, tí irun rẹ̀ ń pọ́n.

Òótọ́ ni pé ẹ̀sùn náà ní ìdí. Èròjà kan wà nínú sóyà, isoflavone, tó jọ họ́mónù obìnrin. Ṣùgbọ́n jíjọ kì í ṣe ọ̀kan náà, agbára rẹ̀ kò sì tó ti họ́mónù gidi. Ní 2010, àwọn onímọ̀ kó ọ̀pọ̀ ìwádìí jọ, wọ́n sì rí i pé sóyà kò dín họ́mónù ọkùnrin kù. Ní Shanghai, wọ́n tẹ̀lé obìnrin tó ju 5,000 tí jẹjẹrẹ ọmú ti mú rí. Èsì tó jáde ní 2009 fi hàn pé láàárín àwọn tó ń jẹ sóyà jù, ikú àti ìpadàbọ̀ àìsàn náà kò pọ̀ tó ti àwọn yòókù.

Ìka tó ṣẹ̀ lọba ń gé. Sóyà tí kò jinná ní ohun tí kì í jẹ́ kí purotéènì dà nínú ikùn, iná ló sì ń pa á. Wàrà sóyà tó pẹ́ nínú oòrùn lè bàjẹ́, àmọ́ ọwọ́ tó tọ́jú rẹ̀ ló jẹ̀bi. Kí ẹni tí sóyà kì í bá lára mu yẹra fún un. Kí ẹni tó ń lo oògùn táírọ́ọ̀dù bi dókítà rẹ̀ léèrè. Kí ọmọ tí kò tíì pé oṣù 6 máa mu ọmú nìkan. Ẹ̀yin òbí, ẹ má fi ìbẹ̀rù gba oúnjẹ olówó pọ́ọ́kú yìí lẹ́nu àwọn ọmọ yín. Ẹ sè é jinná, ẹ tọ́jú rẹ̀ ní mímọ́, kí ẹ sì fún wọn jẹ.