Iná Kékeré Tí Ń Tàn Níwájú Awakọ̀

Lọ́sẹ̀ yìí, ọ̀rọ̀ ọkọ̀ akẹ́rù tí à ń pè ní píkọ́ọ̀pù ni mo fẹ́ bá yín sọ, irú Hilux tí ń kó iṣu àti tòmátì káàkiri. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ló ní iná pupa rúsúrúsú kan níwájú awakọ̀: àwòrán ọkọ̀ tí ipa táyà rẹ̀ rí kọ́lọkọ̀lọ. Bí iná yìí bá tàn, ẹlòmíràn a ní, "Ṣebí ọkọ̀ ń rìn?" Ẹlòmíràn a sáré ra ohunkóhun tí mẹkáníìkì bá dárúkọ. Àwọn méjèèjì ń ṣi ọ̀nà.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ mọ iṣẹ́ rẹ̀. Ní ọdún 1995 ni Bosch àti Mercedes-Benz ní Jámánì kọ́kọ́ gbé ẹ̀rọ yìí sínú ọkọ̀ títà. Láti orí ọkọ̀ ti ọdún 2012 ni ìjọba Amẹ́ríkà sì ti sọ ọ́ di dandan fún ọkọ̀ kékeré àti píkọ́ọ̀pù tuntun. Ẹ̀rọ náà ní ojú kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹsẹ̀ ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan, tí ń ka bí táyà ṣe ń yí. Ojú mìíràn ń wo ibi tí ẹ yí sitiárìn sí, òmíràn sì ń wo ibi tí ọkọ̀ ń yí sí ní tòótọ́. Bí ọwọ́ awakọ̀ àti ara ọkọ̀ kò bá ṣọ̀kan, ẹ̀rọ á tẹ bíréékì ẹsẹ̀ kan ṣoṣo, á sì dín agbára ẹ́ńjìnnì kù, kí ọkọ̀ lè padà sójú ọ̀nà. Píkọ́ọ̀pù tí kò rẹ́rù fúyẹ́ nídìí. Nítorí náà, ìgbà tí ẹ já ẹrù tán, tí òjò ń rọ̀, tí ẹ ń kánjú relé, ìgbà náà gan-an ni ẹ nílò rẹ̀ jù.

Bí iná náà bá ń ṣẹ́jú lójú ọ̀nà tí ń yọ̀, iṣẹ́ ló ń ṣe. Ẹ rọra sáré. Bí ẹ bá gbọ́ gìrìgìrì lábẹ́ ẹsẹ̀ nígbà náà, kì í ṣe àrùn. Ṣùgbọ́n bí ó bá tàn tí kò kú mọ́, yálà ẹnì kan ti tẹ bọ́tìnnì tí ń pa ẹ̀rọ náà, tàbí ẹ̀rọ ń ṣàìsàn. Bí iná bíréékì pupa bá bá a tàn, ẹ dúró, ẹ má lọ mọ́.

Lẹ́yìn náà, ẹ tẹ́tí. Bí ọkọ̀ bá ń kùn hùùù, tí ariwo ń pọ̀ bí eré ti ń pọ̀, tí ó sì ń yí padà bí ẹ bá yà, ẹ fura sí bíárìn. Nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀, ibẹ̀ ni ojú náà ti ń kàwé. Bí bíárìn bá jẹ, kò ní lè kà á dáadáa mọ́. Bí irin bá ń ha irin nígbà tí ẹ tẹ bíréékì, pádì ti tán. Ẹ má dúró de iná kankan kí ẹ tó pààrọ̀ rẹ̀.

Bí kò bá sí ariwo, ẹ yẹ ohun tí kò gba owó wò ṣáájú: wáyà tí òkúta gé, ẹrẹ̀ tó bo ojú náà, táyà tí kò bá ẹgbẹ́ rẹ̀ dọ́gba, bátìrì tí kò lágbára. Bí ẹ bá ṣẹ̀ṣẹ̀ tú bátìrì, nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀, ẹ yí sitiárìn dópin sósì, kí ẹ yí i dópin sọ́tùn-ún, kí ẹ sì wà á díẹ̀. Nínú àwọn Toyota kan, ìdérí táǹkì epo tí kò dé dáadáa lè tan iná ẹ́ńjìnnì, kí iná tiwa yìí sì bá a tàn.

Bí gbogbo èyí kò bá ràn án, kí mẹkáníìkì fi ẹ̀rọ tí ń ka àìsàn bíréékì wò ó, nítorí àwọn kan ń ka ti ẹ́ńjìnnì nìkan. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin olùkọ́ á yé mi: bí ọmọ bá ń sunkún ní kíláàsì, a lè mọ ìjókòó tí ẹkún ti ń jáde, kí a má tíì mọ̀ bóyá ebi ni tàbí inú rírun. Bí kóòdù bá dárúkọ ẹsẹ̀ ọ̀tún iwájú, ó lè jẹ́ ojú náà, ó lè jẹ́ wáyà, ó lè jẹ́ bíárìn. Ẹ ní kí ó yẹ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wò kí ẹ tó sanwó.

Ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ ra tòkunbọ̀, ẹ yí kọ́kọ́rọ́ láìtíì tan ẹ́ńjìnnì. Iná náà gbọ́dọ̀ tàn, kí ó sì kú lẹ́yìn díẹ̀. Bí kò bá tàn rárá, ó ṣeé ṣe kí ẹnì kan ti dí i lẹ́nu. Òkèèrè ni olójú jínjìn ti ń mẹ́kún sun. Ẹkún tí iná kékeré yìí bá sun lónìí, ẹ gbọ́ ọ, kí ará ilé má baà sun ún lọ́la.

Ó di ọ̀sẹ̀ tí ń bọ̀.