Ẹnìkan Kì í Jẹ́ Àwá Dé

Ní ọjọ́ 27 oṣù Karùn-ún ọdún 2023, nígbà tí ènìyàn tó lé ní 80,000 ti kún pápá ìṣeré ìlú Dortmund ní ilẹ̀ Jámánì bámúbámú, ohun kan ṣoṣo ló kù kí ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù Borussia Dortmund ṣe kí wọ́n tó gba ife líìgì tí ọwọ́ wọn kò kàn mọ́ láti ọdún 2012: kí wọ́n ṣẹ́gun Mainz, ẹgbẹ́ tí kò ní ife kankan í lé kiri ní tirẹ̀. Pẹnárítì bọ́ sí wọn lọ́wọ́, Sébastien Haller gbá a, aṣọ́lé sì mú un. Ọ̀mì 2–2 ni ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ náà já sí. Ní ìlú Köln, níbi tí Bayern Munich ti ń gbá tiwọn, ó ku ìṣẹ́jú kan kí 90 pé nígbà tí Jamal Musiala, ọ̀dọ́mọkùnrin tí bàbá rẹ̀ jẹ́ ọmọ Nàìjíríà, gbá bọ́ọ̀lù sínú àwọ̀n, tí Bayern fi borí pẹ̀lú 2–1. Àmì 71 ni ẹgbẹ́ méjèèjì ní. Iye góòlù ni wọ́n fi ṣèdájọ́, Bayern sì gba ife náà nígbà kọkànlá léraléra.

Èmi kì í ṣe ọmọlẹ́yìn Dortmund, n kò sì bá Bayern ṣọ̀tá. Ṣùgbọ́n àwọn àgbà ti wí tipẹ́ pé ẹnìkan kì í jẹ́ àwá dé. Bí ẹgbẹ́ 18 bá sì ń forí ṣe fọrùn ṣe láti oṣù Kẹjọ dé oṣù Karùn-ún, tí olúkúlùkù wọn ń gbá ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ 34 kí a tó mọ olúborí, tí ó wá jẹ́ pé láti 2013 títí di 2023 orúkọ kan ṣoṣo ni à ń fín sára ife, ó tọ́ kí ẹni tó fẹ́ràn eré náà béèrè ohun tó fà á. Tèmi ni pé ẹ̀bi rẹ̀ kò pọ̀ lọ́rùn Bayern tó bí ariwo ọjà ti ń sọ, kò sì sí lọ́rùn òfin tó fi ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù Jámánì sí ìkáwọ́ àwọn ọmọ ẹgbẹ́ rárá. Ọwọ́ tí ń pín owó ni kí a wò.

Bí a bá tọpa ọ̀rọ̀ náà dé orísun, a ó rí i pé Bayern tí a ń pè ní àjànàkú lónìí, apá-ò-ká ọmọ Bavaria, a-gba-ife-bí-ẹni-gba-ogún-bàbá-rẹ̀, ni wọ́n ti ìlẹ̀kùn mọ́ síta ní 1963 nígbà tí wọ́n dá Bundesliga sílẹ̀. Ẹgbẹ́ mìíràn nínú ìlú Munich kan náà, tí ń jẹ́ 1860, ló gba ife agbègbè gúúsù lọ́dún náà, àwọn ìjòyè bọ́ọ̀lù kò sì fẹ́ mú ẹgbẹ́ méjì láti ìlú kan ṣoṣo. Bayern dúró nísàlẹ̀. Owó tí yóò fi ra àwọn àgbà òṣèré kò sí, ó sì di dandan kí ó gbé ẹrù lé àwọn ọ̀dọ́ lórí. Àwọn ọ̀dọ́ náà ni Sepp Maier tí ń ṣọ́lé, Gerd Müller tí ń gbá bọ́ọ̀lù wọlé bí ẹni tí wọ́n fi ṣe àṣẹ fún, àti Franz Beckenbauer tí ó di ọba lórí gbogbo wọn, tí ó wàjà ní oṣù Kìíní 2024. Àní Beckenbauer yìí, ẹgbẹ́ 1860 ni ọkàn rẹ̀ wà nígbà tó wà lọ́mọdé, àfi bí ọmọ 1860 kan ṣe fọ́ ọ létí nínú ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ àwọn ọmọdé, tí inú bí i, tí ó gba ọ̀dọ̀ Bayern lọ. N kò rò pé ìgbátí kan tún wà nínú ìtàn bọ́ọ̀lù tó gbówó lórí tó ìyẹn. Bayern gòkè ní 1965, ó gba ife Bundesliga rẹ̀ àkọ́kọ́ ní 1969, ó sì gba ife Yúróòpù ní 1974, 1975 àti 1976. 1860, lẹ́yìn ife kan tí wọ́n gbà ní 1966, ti ṣubú dé ìpele kẹta. Adánilóró fagbára kọ́ni.

Orí ìlú sì bá orí ẹgbẹ́ náà ṣe é. Lẹ́yìn ogun àgbáyé kejì, ọrọ̀ ń wọ́ wá sí Munich: Siemens kó olú iléeṣẹ́ rẹ̀ wá láti Berlin, BMW ti wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀, ìjọba sì kọ́ pápá ńlá fún ìdíje Òlímpíìkì ọdún 1972, Bayern sì kó wọ inú rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ẹni jogún ààfin tí kì í ṣe òun ló mọ ọ́n. Ní àkókò yẹn gan-an ni ilẹ̀ Ruhr, níbi tí Dortmund àti Schalke wà, tí èédú àti irin ti ń fún baba àti ọmọ níṣẹ́ láti ìran dé ìran, bẹ̀rẹ̀ sí í rù, títí wọ́n fi ti ihò èédú tó kẹ́yìn pa ní Bottrop ní oṣù Kejìlá 2018. Síbẹ̀, ọ̀pọ̀ ni ọrọ̀ bá nílé tí kò mọ̀ ọ́n tọ́jú. Uli Hoeness, tí ó di alákòóso Bayern ní 1979 nígbà tí orúnkún kò jẹ́ kí ó gbá bọ́ọ̀lù mọ́, tí ọjọ́ orí rẹ̀ kò ju 27 lọ, mọ owó í ṣọ́. Wọ́n ṣí Allianz Arena ní 2005, wọ́n sì san gbèsè rẹ̀ tán ní 2014, ọdún púpọ̀ ṣáájú àdéhùn. Nígbà tí gbèsè fẹ́ gbẹ̀mí Dortmund, Bayern ló yá wọn ní 2 mílíọ̀nù owó Yúrò. N kò wí pé ẹni mímọ́ ni wọ́n o: ní 2003 ni àṣírí tú pé wọ́n ti bá iléeṣẹ́ Kirch, tí ń ra ẹ̀tọ́ àfihàn líìgì náà, ṣe àdéhùn abẹ́nú tí àwọn ẹgbẹ́ yòókù kò mọ̀ sí.

Ṣùgbọ́n ìṣọ́wó nìkan kò lè bí ife 11 léraléra. Ìgbà kan wà tí Bayern lówó ju gbogbo wọn lọ, tí wọ́n sì ń já ife gbà mọ́ ọn lọ́wọ́: Kaiserslautern gbà á ní 1998 lẹ́yìn tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ìpele kejì gòkè wá, Bremen gbà á ní 2004, Stuttgart ní 2007, Wolfsburg ní 2009, Dortmund ní 2011 àti 2012. Owó Champions League, ìdíje àwọn ẹgbẹ́ tó mókè ní Yúróòpù, ló yí ọ̀rọ̀ padà. Ẹgbẹ́ tó bá wọ inú ìdíje náà lọ́dọọdún ń gba owó lọ́dọọdún, èyí tó bá wọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀kan lọ́dún mẹ́rin ń jẹ èérún. Nígbà tó sì di 2018, UEFA, àjọ tí ń darí bọ́ọ̀lù Yúróòpù, tún ṣe é lófin pé nǹkan bí ìdá mẹ́ta nínú mẹ́wàá owó náà ni kí a máa wo iṣẹ́ ọdún mẹ́wàá sẹ́yìn pín, èyíinì ni pé ẹni tó yó lánàá ni kí a tún kọ́kọ́ bù fún lónìí. Àfi bí ìjàkadì níbi tí ẹni tó dá èkejì rẹ̀ ti ń kó gbogbo iyán abúlé jẹ, tí ẹni tó ṣubú ń sùn lébi, tí a sì ń pè wọ́n padà sí agbo ní ọdún tó tẹ̀lé e, tí ó ń yà wá lẹ́nu pé ẹni kan náà ló tún dá ni. Nílé Jámánì pàápàá, ipò tí ẹgbẹ́ wà láàárín ọdún márùn-ún wà lára ohun tí wọ́n fi ń pín owó tẹlifíṣọ̀n. Ní sáà 2023 sí 2024, owó tó wọlé fún Bayern lé ní bílíọ̀nù kan Yúrò. Gbogbo owó tẹlifíṣọ̀n abẹ́lé tí ẹgbẹ́ 36 tó wà ní ìpele kìíní àti ìkejì ń pín lọ́dún láti 2025 kò ju bílíọ̀nù 1.12 lọ. Ta ni yóò bá irú ẹni bẹ́ẹ̀ du òṣèré? Mario Götze kúrò ní Dortmund lọ sí Bayern ní 2013, Robert Lewandowski tẹ̀lé e ní 2014 láìsan kọ́bọ̀, Mats Hummels lọ ní 2016.

Nígbà tí ọ̀rọ̀ bá dé báyìí ni àwọn kan máa ń dìde, tí wọ́n á ní kí wọ́n pa òfin 50+1 rẹ́, òfin tó ti wà láti 1998 pé àwọn ọmọ ẹgbẹ́ gbọ́dọ̀ ní ju ìdajì ohùn lọ nínú ìdìbò, kí olówó kankan má baà sọ ẹgbẹ́ di dúkìá ara rẹ̀. Wọ́n ní kí olówó wọlé kí ó wá bá Bayern wọ̀yá ìjà. Èyí ni pé kí a fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ kí a máa pa làpálàpá. Ní Faransé, níbi tí owó Qatar ti wọlé gbangba, PSG, ẹgbẹ́ ìlú Paris, gba ife 11 nínú 13 láti 2013 dé 2025. Ní Ẹ̀ńgílándì, níbi tí ẹnikẹ́ni tó lówó ti lè ra ẹgbẹ́, Manchester City gba ife mẹ́fà nínú méje láti 2018 dé 2024. Ìlẹ̀kùn tí wọ́n ní kí Jámánì ṣí, àwọn tó ti ṣí i kò rí ìdọ́gba níbẹ̀; ọ̀gá wọn nìkan ló yí padà.

Wọn á ní, Leverkusen ńkọ́? Òótọ́ ni pé Leverkusen, tí iléeṣẹ́ Bayer ni, wà lára àwọn tí òfin 50+1 yọ sílẹ̀. Òótọ́ ni pé àwọn ló já ẹ̀wọ̀n náà ní 2024, tí akọ́nimọ̀ọ́gbá Xabi Alonso kó wọn la ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ 34 kọjá, wọ́n borí nínú 28, wọ́n ta ọ̀mì nínú mẹ́fà, ẹnìkan kò nà wọ́n. Inú mi dùn lọ́jọ́ tí wọ́n na Bremen ní 5–0 láti gba ife náà, pàápàá nígbà tí mo rántí pé ọmọ bíbí Àkúrẹ́, Victor Boniface, ló kọ́kọ́ gbá bọ́ọ̀lù wọlé lọ́jọ́ náà. Ṣùgbọ́n Bayer ti wà lẹ́yìn wọn láti ọjọ́ pípẹ́ láìrí ife líìgì kan gbà. Ọpọlọ ni wọ́n fi gbà á. Ẹ sì wo bí ó ti pẹ́ tó: nígbà tí ó fi di ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn 2025, Bayern ti gba ife rẹ̀ padà, Alonso ti lọ sí Real Madrid, Florian Wirtz ti lọ sí Liverpool, Jonathan Tah tó wà láàárín ẹ̀yìn wọn sì ti kó ẹrù lọ sí, ibo ni ẹ rò? Munich.

Àwọn ará Jámánì fúnra wọn mọ ohun tí wọn kò fẹ́. Ní oṣù Kejìlá 2023, ẹgbẹ́ 24 nínú 36 dìbò pé kí olùdókòwò wá ra apá kan nínú ẹ̀tọ́ tẹlifíṣọ̀n líìgì náà. Láti ọ̀sẹ̀ dé ọ̀sẹ̀ ni àwọn èrò ìwòran ń da bọ́ọ̀lù tẹ́nísì àti ṣokoléètì tí wọ́n ṣe bí owó sórí pápá, tí adájọ́ ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ ń dá eré dúró, títí àwọn aláṣẹ líìgì fi jáwọ́ nínú rẹ̀ ní oṣù Kejì 2024. Nínú àwọn tó ń ju bọ́ọ̀lù tẹ́nísì yìí ni a ti rí èrò ẹgbẹ́ tí kò ní gba ife láéláé. Wọ́n yàn láti máa pàdánù nínú ilé tí í ṣe tiwọn.

Nítorí náà, ẹ̀yin aláṣẹ bọ́ọ̀lù Jámánì, kì í ṣe ìlẹ̀kùn ni kí ẹ lọ ṣí, àpò ni kí ẹ tú. Ẹ dín ohun tí ẹ ń fi ipò ọdún márùn-ún pín kù. Ẹgbẹ́ tó bá ti gba owó Yúróòpù, ẹ jẹ́ kí ìpín rẹ̀ nínú owó abẹ́lé kéré sí ti ẹni tí kò rí nǹkan kan gbà. Kí ẹ sì dojú kọ UEFA lórí owó ọlá àná tí wọ́n ń san. Bayern yóò bínú. Kò sí nǹkan kan nínú ìyẹn. Wọ́n ti bínú ní 1963, ó sì ṣe wọ́n láǹfààní.