Ẹ Jẹ́ Ká Fi Ẹtu Sílẹ̀ Nínú Igbó

Ẹ̀yin ará Adja-Ouèrè, ẹ̀yin ará Ikpinlè àti Massè, ọ̀rọ̀ ẹtu ni mo bá wá.

Ẹ jọ̀ọ́, lọ́jọ́ ọjà tó ń bọ̀, bí ẹ bá bá ẹtu pàdé lórí àtẹ, ẹ wo ojú rẹ̀ dáadáa. Ẹ ó rí ilà tẹ́ẹ́rẹ́ kan lábẹ́ ojú kọ̀ọ̀kan, bí ẹni pé abẹ ló fà á. Oje tó ń ti ibẹ̀ jáde ló máa ń nù mọ́ ara igi, kí ẹtu mìíràn lè mọ̀ pé ilẹ̀ náà lónílé.

Ó pẹ́ tí àwọn onímọ̀ ẹranko ti ń ka ẹtu tiwa mọ́ tàwọn ará ìwọ̀-oòrùn wa. Ọdún 2010 ni wọ́n tó kéde pé irú ọ̀tọ̀ ni. Philantomba walteri ni wọ́n sọ ọ́, nítorí Walter Verheyen, ọmọ ilẹ̀ Bẹ́ljíọ̀mù, tó rí ọ̀kan gbà ní Togo lọ́dún 1968. Láàárín odò Volta àti odò Ọya nilé rẹ̀ wà, ibi tá a wà yìí gan-an. Ọjà ẹran ìgbẹ́ ni wọ́n ti rí ọ̀pọ̀ èyí tí wọ́n fi ṣèwádìí. Ẹran tí àwọn ìyá wa ti ń gé tà látọjọ́ pípẹ́, ẹ̀yìn náà ni ìwé tó wá mọ orúkọ rẹ̀!

Èso tó já bọ́ ló ń jẹ jù, kóró tó bá sì gbé lọ ló ń hù níbòmíràn. Ọmọ kan ṣoṣo ló sábà máa ń bí lẹ́ẹ̀kan. Bẹ́ẹ̀, igbó tó kù fún un lágbègbè wa kò tó nǹkan: igbó ìjọba Itchèdè-Toffo, àti àwọn igbó orò wa láàárín oko ọ̀pẹ àti ẹ̀gẹ́.

Ẹ̀yin ọdẹ, tí tọ́ọ̀ṣì bá mọ́lẹ̀ sí i lójú, á dúró gbagidi. Lóru, ta ló mọ èyí tó lóyún? Ẹ yéé fi iná dẹ àwọn igbó wọ̀nyí. Ẹ̀yin baálẹ̀, láti ọdún 2012 ni ìjọba Benin ti ṣòfin lórí ìtọ́jú igbó òrìṣà. Ẹ mú orúkọ igbó tiyín lọ sí kọ́múùnù kí ẹnì kan tó gbin ọ̀pẹ síbẹ̀. Ẹni tí ẹran ìgbẹ́ ń wù, ọ̀yà tí wọ́n ń sìn nílé wà.

Ẹ̀yin ìyá ẹlẹ́ran, bí ọdẹ bá gbé ọmọ ẹtu wá fún yín, ẹ má ṣe ná an rárá.