Fífi Ẹkún Ẹlẹ́kún Pa Owó

Òwò ṣíṣe kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀. Ìsìláàmù kò fi ìgbà kankan ka oníṣòwò sí ẹni ẹ̀yìn. Ànábì Muhammad (kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a) fúnra rẹ̀ ti ṣòwò kí iṣẹ́ òjíṣẹ́ tó dé bá a, ó sì bá Khadijah gbé ẹrù ọjà dé ilẹ̀ Ṣáámù. Bẹ́ẹ̀ náà ni kò sí olóye kan tí yóò sọ pé ẹni tó ń ta aṣọ ìsìnkú tàbí ẹni tó gba owó iṣẹ́ lórí sàréè tó gbẹ́ ti ṣe ohun àìtọ́. Síbẹ̀síbẹ̀, irú ọjà kan wà tó ń gbòòrò sí i láyé òde òní, tó yẹ kí ọ̀dọ́ Mùsùlùmí fi ojú inú wò dáadáa kí ó tó na owó sí i, tàbí kí ó tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ tẹ̀ ẹ́ jáde. Ọjà náà ni àwọn ohun ìrántí tí wọ́n ń ṣe fún títà nígbà tí àjálù ńlá bá bá orílẹ̀-èdè kan: fìlà, ẹ̀wù, ife, owó ẹyọ, àwòrán àti kàlẹ́ńdà, tí orúkọ tàbí ojú àwọn tí nǹkan ṣe wà lára rẹ̀.

Kò sí ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti fara hàn gbangba tó ìlú New York. Ní ọjọ́ 11 oṣù kẹsàn-án ọdún 2001, ènìyàn 2,977 ni wọ́n fi ọkọ̀ òfúrufú pa láàárín òwúrọ̀ kan ṣoṣo, ní New York, ní Pentagon lẹ́bàá Washington, àti ní pápá kan nítòsí Shanksville ní ìpínlẹ̀ Pennsylvania. Ìpànìyàn ni, ẹ̀sìn Ọlọ́hun kò sì fi àyè gba pípa aláìṣẹ̀. Àwọn Mùsùlùmí pàápàá wà lára àwọn tó bá a lọ. Nínú àwọn tó kú sí ilé gogoro méjèèjì ní New York, àwọn tó lé ní 1,000 ni kò tíì sí ẹ̀yà ara kan tí àwọn onímọ̀ lè nà ka sí pé tiwọn ni. Ní oṣù karùn-ún ọdún 2014, wọ́n kó àwọn ẹ̀yà ara tí a kò dá mọ̀ wọ̀nyí lọ sí iyàrá kan nísàlẹ̀ ilẹ̀, níbi tí àwọn ilé náà ti wó gan-an. Ẹ̀gbẹ́ iyàrá yìí ni ilé ìrántí tuntun wà, tí wọ́n ṣí fún gbogbo ènìyàn ní ọjọ́ 21 oṣù kan náà. Nínú ilé ìrántí ọ̀hún ni ṣọ́ọ̀bù kan wà.

Ọ̀rọ̀ bẹ́ sílẹ̀ lórí ṣọ́ọ̀bù yìí kí ọ̀sẹ̀ kan tó pé. Ẹ̀wù wà níbẹ̀, ife wà níbẹ̀, ohun ọ̀ṣọ́ ọrùn wà níbẹ̀, aṣọ ajá tí wọ́n kọ orúkọ àwọn panápaná sí pàápàá kò gbẹ́yìn. Èyí tó bí àwọn ènìyàn nínú jù ni àwo kan tí wọ́n fi ń gbé wàrà líle kalẹ̀ fún àlejò. Wọ́n gé àwo náà bí àwòrán ilẹ̀ Amẹ́ríkà, wọ́n sì fi àmì ọkàn, irú èyí tí àwọn olólùfẹ́ ń yà síra wọn, sí ibi mẹ́ta tí àwọn ọkọ̀ òfúrufú náà ti já. Kí àlejò máa jẹun, kí ó máa bu oúnjẹ lórí ibi tí ọmọ ẹlòmíràn ti jóná! Àwọn òbí tí kò rí egungun ọmọ wọn sin gbé ohùn sókè. Àwọn aláṣẹ ilé ìrántí kó àwo náà kúrò lórí àtẹ, wọ́n sì ní àwọn yóò tún gbogbo ọjà yẹ̀ wò.

Ẹ̀tọ́ ni kí a gbọ́ tẹnu àwọn aláṣẹ náà. Wọ́n ní ilé náà ń jẹ owó gọbọi lọ́dọọdún, pé owó ìwọlé, tó jẹ́ dọ́là 24 nígbà tí wọ́n ṣí i, kò lè dá bọ́ ọ, àti pé èrè ṣọ́ọ̀bù kò wọ àpò ẹnikẹ́ni. Àwọn ìdílé tó pàdánù ènìyàn kò san owó ìwọlé. Ọ̀rọ̀ tó nítumọ̀ ni. Yorùbá kúkú sọ pé bí a bá ń sunkún, à á máa ríran. Ìwé tó sọ ìtàn ohun tó ṣẹlẹ̀, àwòrán tó fi ojú àwọn tó kú hàn pẹ̀lú ọ̀wọ̀, bí wọ́n bá tà wọ́n kí ilé má baà wó, kò sí ẹ̀gàn níbẹ̀. Ẹni tó ra ìwé yóò ka ìwé, yóò sì mọ ohun tí kò mọ̀ tẹ́lẹ̀. Ṣùgbọ́n kí ni ẹni tó ra àwo yóò mọ̀? Kí ni ajá mọ̀? Ibi tí ohun tí a tà kò ti rán ẹnikẹ́ni létí òkú mọ́, tó jẹ́ pé òkú ni ó ń polówó ọjà, ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti yí padà.

Kí ilé ìrántí yẹn tó wà rárá ni àwọn kan ti rí ọjà nínú àwókù náà. Ní ọdún 2004, ilé-iṣẹ́ kan ní ìpínlẹ̀ New York polówó owó ẹyọ kan káàkiri. Wọ́n ní fàdákà tí wọ́n wú jáde lábẹ́ àwókù ilé gogoro náà ni ó wà lára rẹ̀, wọ́n sì ní owó tí ìjọba fọwọ́ sí ni, láti erékùṣù Northern Mariana tó wà lábẹ́ Amẹ́ríkà. Eliot Spitzer, tó jẹ́ agbẹjọ́rò àgbà ìpínlẹ̀ náà nígbà yẹn, gbé wọn lọ sí ilé ẹjọ́. Ó wá hàn pé àwọn erékùṣù náà kò ní àṣẹ láti rọ owó, àti pé fàdákà tín-ín-rín ni wọ́n kàn fi pa irin mìíràn lára. Ilé ẹjọ́ dá títà rẹ̀ dúró, lẹ́yìn náà ni wọ́n ní kí ilé-iṣẹ́ náà san ìtanràn, kí wọ́n sì dá owó àwọn oníbàárà padà. Ẹni tó bá mọ ìtàn Ànábì nínú ọjà Mẹ̀dínà yóò rántí ọkùnrin tó kó oúnjẹ oníhóró jọ bí òkìtì. Òkè rẹ̀ gbẹ. Nígbà tí Òjíṣẹ́ Ọlọ́hun ti ọwọ́ bọ inú rẹ̀, ìka rẹ̀ bá omi. Ọkùnrin náà ní òjò ni. Ànábì sì bi í pé kí ló dé tí kò fi èyí tó tutù sí òkè kí ènìyàn lè rí i. Bí irú ẹ̀tàn bẹ́ẹ̀ bá burú lórí oúnjẹ lásán, èló ni ti ẹni tó fi eérú òkú bo ẹ̀tàn tirẹ̀ mọ́lẹ̀? Ìyá arúgbó tó ra owó ẹyọ yẹn kò ra fàdákà. Ó rò pé òun fi ọwọ́ kan ibi tí wọ́n ti kú ni.

Àwọn mìíràn ta ìbínú. Láìpẹ́ lẹ́yìn àjálù náà, bébà ìnùdí tí wọ́n ya ojú Osama bin Laden sí wà lórí àtẹ ní Amẹ́ríkà. Ọjọ́ kẹrin péré lẹ́yìn àjálù ni ẹnì kan yìnbọn pa Balbir Singh Sodhi ní Mesa ní ìpínlẹ̀ Arizona, nítorí láwàní tó wé. Ẹlẹ́sìn Sikh ni, kì í ṣe Mùsùlùmí. Kò sí ẹni tó lè sọ pé bébà ló pa á. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń ta ìbínú fún ènìyàn tó ń ṣọ̀fọ̀, ó yẹ kí ó mọ irú ara tí òun ń da epo sí.

Àwọn kan yóò wí pé, bí èrè bá ti lọ sí ọ̀dọ̀ aláàánú, ọ̀rọ̀ ti bùṣe. Kò rí bẹ́ẹ̀. Nígbà tí Ọmọbabìnrin Diana kú ní Paris ní ọjọ́ 31 oṣù kẹjọ ọdún 1997, wọ́n dá àpò owó ìrántí kan sílẹ̀ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní orúkọ rẹ̀. Iṣẹ́ àánú tí àpò náà ṣe kò kéré. Síbẹ̀, ní ọdún 1998, ìfọwọ́síwèé Diana ti wà lára ike bọ́tà Flora, nítorí àwọn alábòójútó àpò náà ti gbà á láyè. Kí ló kan bọ́tà nínú ikú obìnrin yìí? Ní ọdún náà kan náà ni wọ́n tún gbé ilé-iṣẹ́ Franklin Mint lọ sí ilé ẹjọ́ ní Amẹ́ríkà, pé ó ń ta ọmọláńgidi àti àwo tó ní àwòrán Diana láìgba àṣẹ. Wọ́n pàdánù ẹjọ́ náà. Franklin Mint náà pè wọ́n lẹ́jọ́ padà, débi pé ní oṣù keje ọdún 2003, àpò náà ní láti dá owó tó ń fún àwọn ẹgbẹ́ aláàánú dúró, títí wọ́n fi parí ìjà ní ọdún 2004. Àwọn aláìsàn àti aláìní tí wọ́n ń dúró de owó náà ni ìyà jẹ, nítorí ìjà ta ni ó ni ojú òkú.

Ohun tó sọnù nínú gbogbo ìwọ̀nyí ni ibi tí ọrọ̀ yẹ kó máa ṣàn sí nígbà ọ̀fọ̀. Nígbà tí Ja'far ọmọ Abu Talib kú sí ojú ogun Mu'tah ní ọdún kẹjọ Híjírà, Ànábì ní kí àwọn ènìyàn gbọ́únjẹ fún ìdílé rẹ̀, nítorí ohun tó gbà wọ́n lọ́kàn ti dé bá wọn. Oúnjẹ kúrò ní ilé aládùúgbò, ó lọ sí ilé ọlọ́fọ̀. Nílẹ̀ Yorùbá, ike, abọ́ àti táwẹ́ẹ̀lì tí wọ́n tẹ àwòrán olóògbé sí wọ́pọ̀ níbi ìsìnkú. Àṣejù inú rẹ̀ ti di ohun tí àwọn àlùfáà ń pariwo lé lórí tipẹ́tipẹ́, pàápàá ní ìdílé tó jẹ gbèsè nítorí rẹ̀. Ṣùgbọ́n ohun kan wà tí kò ṣeé sẹ́: àwọn ọmọ olóògbé ni wọ́n yàn án, ọ̀fẹ́ ni wọ́n sì ń fún àlejò. Nínú ọjà àjálù, àjèjì ló yan àwòrán, àjèjì ló dá iye lé e, ọlọ́fọ̀ sì wà ní ilé tí kò gbọ́ nǹkan kan títí ó fi rí ojú ọmọ rẹ̀ lára ẹ̀wù ẹni tó ń kọjá lọ.

Ọ̀rọ̀ yìí kò jìnnà sí Nàìjíríà rárá. Ní òru ọjọ́ 14 oṣù kẹrin ọdún 2014, wọ́n jí ọmọbìnrin 276 gbé ní ilé-ìwé wọn ní Chibok. Láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀, igbe pé kí wọ́n dá àwọn ọmọ náà padà ti kárí ayé, ẹ̀wù tí wọ́n tẹ ọ̀rọ̀ náà sí sì ti wà fún títà lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Nínú àwọn àwòrán tí ènìyàn ń pín kiri jù ni ti àwọn ọmọbìnrin tí kò mọ Chibok rárá. Guinea-Bissau ni ayàwòrán ará Amẹ́ríkà kan, Ami Vitale, ti yà wọ́n ní ọdún mélòó kan ṣáájú, ó sì fi ẹ̀hónú hàn pé wọ́n sọ àwọn ọmọ tí nǹkan kan kò ṣe di ojú àwọn tí wọ́n jí gbé. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún náà, àwọn olóṣèlú tún yí igbe ọ̀hún padà, wọ́n fi ṣe pátákó ìpolongo ìbò fún Ààrẹ Goodluck Jonathan ní Abùjá. Ariwo pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí Ààrẹ fi pàṣẹ pé kí wọ́n ká a kúrò.

Ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ Mùsùlùmí ló ń jẹun lọ́dọ̀ iṣẹ́ ìtẹ̀wé ní Ṣómólú àti níbòmíràn. Bí ẹnìkan bá gbé irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ wá lálẹ́ ọjọ́ tí ọkọ̀ òfúrufú já tàbí tí àdó olóró dún, tó ní kí wọ́n bá òun tẹ 500 ẹ̀wù kí ilẹ̀ tó mọ́, kò burú kí atẹ̀wé béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ bóyá ìdílé mọ̀, ibi tí ó ti rí àwòrán náà, àti ẹni tí owó náà ń lọ bá. Bó bá ní fún ìrànlọ́wọ́ ni, kí ó fi orúkọ alábòójútó owó náà hàn lára iṣẹ́. Ẹni tó fẹ́ ṣe rere kò ní bínú sí irú ìbéèrè yìí. Ẹni tó bá bínú, kí ó gbé iṣẹ́ rẹ̀ lọ. Ẹni tó fẹ́ rà á náà lè béèrè bákan náà kí ó tó tú àpò. Nítorí ohun tí a kò bá rà, wọn kò ní tún un tẹ̀.

Ní ti Chibok, ọdún 2024 ni ó pé ọdún mẹ́wàá, àwọn ọmọ tó lé ní 80 ni a kò sì tíì rí. Àwọn òbí wọn kò tíì kà wọ́n mọ́ òkú. Ẹni tó bá ń tẹ orúkọ wọn sí ara nǹkan títà, kí ó lọ bá àwọn ìyá náà ná.