Òfin Tí Kò Gbọ́ Èdè Agégi

Kòkòrò dúdú kan ń pa igi ní ìlú Johannesburg. Gígùn rẹ̀ kò ju nǹkan bíi mìlímítà 2 lọ. Ìhà Gúúsù-Ìlà-Oòrùn Éṣíà ni ó ti wá. Orúkọ tí àwọn onímọ̀ ń pè é ni polyphagous shot hole borer. Ọdún 2017 ni wọ́n dá a mọ̀ nínú ọgbà ewéko ìjọba ní Pietermaritzburg. Igi gan-an kọ́ ni oúnjẹ rẹ̀. Irú olú wẹ́wẹ́ kan ni ó ń gbìn sínú ihò tí ó bá lu sí igi lára, tí ó sì ń jẹ. Olú náà ni ó ń dí ọ̀nà omi nínú igi títí igi yóò fi gbẹ.

Ta ni ó ni ìjà yìí? Láti ọdún 2009 títí di 2019, ilé-iṣẹ́ ìjọba kan ṣoṣo ni ó ń bójú tó iṣẹ́ àgbẹ̀, igbó àti ẹja ní South Africa. Ní ọdún 2019, wọ́n kó igbó àti ẹja lọ sí ọ̀dọ̀ ilé-iṣẹ́ tí ó wà fún ọ̀rọ̀ àyíká. Kòkòrò kò mọ ààlà yìí: bí ó ti ń lu igi òpópónà ni ó ń lu igi píà inú oko.

Síbẹ̀, àléébù tí ó tóbi jù wà lẹ́nu ìjọba fúnra rẹ̀. Igi gígé tí wọ́n ń kó kiri wà lára ohun pàtàkì tí ń gbé kòkòrò yìí láti ìlú dé ìlú. Nítorí náà, agégi àti ẹni tí ń ta igi ìdáná ni aṣọ́bodè tòótọ́. Ó yẹ kí wọ́n mọ̀ pé a kì í gbé igi tí ó ti kó àrùn kúrò ní àdúgbò rẹ̀. Ó sì yẹ kí wọ́n mọ̀ pé kì í ṣe gbogbo igi tí kòkòrò lù ni ó yẹ ní gígé, nítorí kì í rí ibi bímọ sí nínú òmíràn. Èdè wo ni wọn yóò fi gbọ́ èyí? Òfin ọdún 2012 lórí lílo èdè ìjọba ní kí ilé-iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan yan èdè mẹ́ta, ó kéré tán. Mẹ́ta, ní ìlú tí ó ní èdè ìjọba méjìlá!

Àwọn kan yóò ní ọ̀rọ̀ sáyẹ́ǹsì kò sí nínú àwọn èdè wọ̀nyí. Àwáwí ni. Nígbà ìjọba amúnisìn, Yorùbá pe òṣìṣẹ́ ìmọ́tótó ní wolé-wolé. Tọmọdé tàgbà ni ó mọ̀ pé tanwíji ni ó ń wá nínú ìkòkò omi. Iṣẹ́ ni ó bí orúkọ, orúkọ sì tan iṣẹ́ náà kálẹ̀. South Africa ní àjọ tí òfin ọdún 1995 dá sílẹ̀ fún ìdàgbàsókè èdè. Kí àwọn ilé-iṣẹ́ ìjọba méjèèjì pè é, kí wọ́n pe àwọn olùkọ́ èdè, kí wọ́n sì pe àwọn agégi fúnra wọn. Òfin tí agégi kò bá gbọ́, kòkòrò kò ní bẹ̀rù rẹ̀.