Ajá Tó Ń Kébi Lẹ́yìn Ògiri Aládùúgbò



Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ bá yín sọ lóṣù yìí kì í ṣe ti ẹ̀jẹ̀ ríru tàbí ti ibà. Ọ̀rọ̀ ajá ni. Mo mọ̀ pé ẹlòmíràn á ti fẹ́ ṣí ojú ìwé yìí kọjá, nítorí a ti sọ fún wa láti kékeré pé ajá kì í ṣe nǹkan tí Mùsùlùmí ń bá da nǹkan pọ̀. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fara balẹ̀ kà á. Ìdí tí mo fi ń kọ ọ́ gan-an nìyẹn.

Ní òpópónà tí mò ń gbé ní Bódìjà, ilé kan wà tí ògiri rẹ̀ ga, tí wọ́n kọ ọ́ sára géètì rẹ̀ pé kí èèyàn ṣọ́ra fún ajá. Onílé náà ti kó ìyàwó àti àwọn ọmọ rẹ̀ lọ sí ìlú òyìnbó láti nǹkan bí ọdún méjì sẹ́yìn. Ó fi máígáàdì kan sílé, ó sì fi ajá kan sílé. Ajá òyìnbó ńlá ni, irú èyí tí àwọn èèyàn ń fi owó gọbọi rà nígbà tí nǹkan ṣì rọgbọ. Ṣéènì tí wọ́n fi so ó mọ́ ìdí igi máńgòrò kò gùn ju ìgbésẹ̀ mẹ́ta lọ. Ibẹ̀ ló ń sùn, ibẹ̀ ló ń yàgbẹ́, ibẹ̀ náà ni wọ́n ń ju ẹ̀bà sí fún un nígbà tí ẹ̀bà bá ṣẹ́kù. Tí ooru oṣù Kejì àti Ìkẹta bá mú ní Ìbàdàn débi pé àwa èèyàn ń sá kúrò nínú yàrá, abọ́ omi rẹ̀ á gbẹ láti àárọ̀ títí di alẹ́. Bí a bá ti kí ìrun Ìṣáì tán báyìí, ó bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Kì í ṣe bí ajá ti ń gbó olè. Ńṣe ló ń hu, bí ẹni tó ń sunkún.

Gbogbo wa là ń ráhùn. Ẹnìkan ní ariwo náà kì í jẹ́ kí ọmọ òun sùn. Ẹlòmíràn ní òórùn ìgbẹ́ ajá ń gba ojú fèrèsé wọlé bá òun. Nígbà tí mo wá dá a lábàá níbi àsálátù pé kí á yan èèyàn méjì láti pe onílé náà lórí fóònù, arákùnrin kan bi mí pé ṣé ajá ló wá kù tí a fẹ́ máa jíròrò lé lórí nínú mọ́sáláṣí. Ó ní nǹkan najaasa ni, kí la fẹ́ fi ṣe? Àwọn kan rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín yẹn dùn mí ju ariwo náà lọ.

Ẹ má sì rò pé ẹni burúkú ni onílé yẹn. Mùsùlùmí ni, a jọ ń dúró ní sàfù kan náà kó tó rìnrìn àjò. Nígbà tó wà nílé pàápàá, kì í sún mọ́ ajá náà. Ó ti sọ fún mi rí pé òun kò fẹ́ kó ba alùwàlá òun jẹ́. Olè ló torí ẹ̀ rà á. Ó fẹ́ kí ajá ṣọ́ ilé òun, ṣùgbọ́n kò fẹ́ kí ọwọ́ òun kàn án, kò fẹ́ wẹ̀ ẹ́, kò fẹ́ mú un lọ sọ́dọ̀ dókítà ẹranko. Láti Àgbowó dé Ring Road, láti ibẹ̀ dé Challenge, mo ti rí irú ilé báyìí lọ́dọ̀ àwa Mùsùlùmí ju ẹyọ kan lọ. A ti sọ ìmọ́tótó ẹ̀sìn di àwáwí láti fìyà jẹ ẹ̀dá Ọlọ́hun.

Èmi kì í ṣe mufutí, ẹ bi àfáà yín. Ṣùgbọ́n ohun tí wọ́n kọ́ wa nílé-kéú kò ṣòro. Hadiisi tó fẹsẹ̀ múlẹ̀ láti ọ̀dọ̀ Abu Hurairah kọ́ wa pé tí ajá bá fẹnu bọ inú abọ́ wa, kí á fọ abọ́ náà lẹ́ẹ̀méje. Nínú mazhab Imaamu Maaliki, tí ọ̀pọ̀ jù lọ wa ń tẹ̀ lé nílẹ̀ Yorùbá, ara ajá alààyè fúnra rẹ̀ kì í ṣe najaasa. Wọ́n ní ìjọsìn ni fífọ abọ́ náà lẹ́ẹ̀méje jẹ́. Àwọn mìíràn kò gbà bẹ́ẹ̀, ọ̀rọ̀ àwọn onímímọ̀ nìyẹn. Ṣùgbọ́n kò sí ọ̀kan nínú mazhab mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tó sọ pé fífọwọ́ kan ajá ń ba alùwàlá jẹ́. Ibi tí itọ́ rẹ̀ bá kàn lèèyàn ń fọ̀. Omi bútà kan tó o.

Òótọ́ ni pé Ànábì wa (kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a) kò fẹ́ kí á kàn máa sin ajá lásán. Hadiisi wà pé láádá ẹni tó bá ń ṣe bẹ́ẹ̀ ń dín kù lójoojúmọ́, àyàfi ajá ọdẹ, ajá oko àti èyí tó ń ṣọ́ agbo ẹran. Onímímọ̀ pọ̀ tí wọ́n ti fi ajá tó ń ṣọ́ ilé kún un. Ẹni tí kò bá fẹ́ wọ inú àríyànjiyàn yìí, kó má ra ajá. Èmi náà fara mọ́ ìyẹn dáadáa. Ohun tí kò sí nínú ẹ̀sìn ni ọ̀nà kẹta tí a là fún ara wa: kí á ra ajá, kí á so ó mọ́lẹ̀, kí á wá máa febi pa á torí pé kò mọ́.

Ẹ rántí obìnrin inú hadiisi tí Bukhari àti Muslim jọ gbà wá, tó ti ológbò mọ́lé títí ológbò náà fi kú. Iná ni ẹ̀san rẹ̀. Ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀ kì í ṣe pé ó ní ológbò. Kò fún un lóúnjẹ, kò sì tú u sílẹ̀ kó lọ wá tirẹ̀ jẹ. Ṣéènì onígbèésẹ̀ mẹ́ta yẹn ló máa ń wá sí mi lọ́kàn nígbàkígbà tí Lẹ́mọ́mù bá ka hadiisi yìí. Nínú òmíràn, ọkùnrin kan tí òùngbẹ ti gbẹ mu omi kànga tán, ó wá rí ajá tó ń lá ilẹ̀ tútù. Ó padà sínú kànga, ó fi bàtà rẹ̀ bu omi wá fún un, Ọlọ́hun sì forí jì í. Àwọn sàábé béèrè bóyá láádá wà lórí ọ̀rọ̀ ẹranko, Ànábì sì jẹ́ kí wọ́n mọ̀ pé ó wà lórí gbogbo ohun tó ní ẹ̀mí. Ajá ni wọ́n ń sọ o, kì í ṣe àgbò Ìléyá. Ajá sì wà nínú Suuratul-Kahf, lẹ́nu ihò àpáta, pẹ̀lú àwọn ọ̀dọ́ onígbàgbọ́ tí Ọlọ́hun kùn lóorun.

Oṣù mẹ́rin lẹ́yìn ẹ̀rín tí a rín ní mọ́sáláṣí, ṣéènì yẹn já. Ajá náà jáde, ó gba orí ààtàn lọ, a kò rí i fún ọjọ́ méjì. Nígbà tó dé, egbò wà létí rẹ̀. Ní ọjọ́ kẹta, ó bu ọmọkùnrin kan jẹ lójúgun, ọmọ tó ń ti ilé-kéú bọ̀ tòun ti wàláà rẹ̀. Máígáàdì kò mọ̀ bóyá wọ́n ti fún ajá náà ní abẹ́rẹ́ rí. Onílé, lórí fóònù, ní òun rò pé wọ́n ti fún un nígbà tó wà lọ́mọ. Kò sí káàdì. Ìyá ọmọ náà fi odindi ọjọ́ kan wá abẹ́rẹ́ kiri: ibì kan ní ó ti tán, ibòmíràn ní kó lọ rà á wá. Ọmọ náà ń bẹ láàyè, al-hamdu lillaah. Ṣùgbọ́n ìyá rẹ̀ sọ fún mi pé fún oṣù mẹ́ta gbáko, gbogbo ìgbà tí ọmọ náà bá gbé omi sẹ́nu lòun máa ń wò ó lọ́fun.

Àrùn dìgbòlugi ló ń bà á lẹ́rù. Itọ́ ajá tó ti ní in ni kòkòrò rẹ̀ ń gbé. Láti ojú egbò ló ti ń gba inú iṣan lọ sí ọpọlọ, díẹ̀díẹ̀. Ó sábà máa ń tó oṣù méjì sí mẹ́ta kó tó farahàn, ó sì lè yá tàbí kó pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ara á gbóná, ojú egbò á máa ta èèyàn, lẹ́yìn náà ni ẹ̀rù omi: òùngbẹ á máa gbẹ aláìsàn, ṣùgbọ́n bó bá gbé omi sẹ́nu, ọ̀fun rẹ̀ á fún pọ̀. Tí àmì wọ̀nyí bá ti yọ, kò fẹ́rẹ̀ẹ́ sí ẹni tó ń bọ́ níbẹ̀. Àjọ Ìlera Àgbáyé fojú bù ú pé nǹkan bí 59,000 èèyàn ló ń pa lọ́dọọdún, tó pọ̀ jù lọ nínú wọn ní Áfíríkà àti Éṣíà. Nínú ọgọ́rùn-ún èèyàn tó ń ti ọwọ́ rẹ̀ kú, 99 ló jẹ́ pé ajá ló kó o ràn wọ́n. Nínú ọgọ́rùn-ún tí ẹranko tí a fura sí bù jẹ, 40 ni kò tíì pé ọmọ ọdún 15.

Ohun tó ń bí mi nínú ni pé àrùn yìí kì í ṣe àdììtú. Láti oṣù Keje ọdún 1885 ni Louis Pasteur ti fún ọmọ kan tí ajá bù jẹ ní abẹ́rẹ́ ní Paris, ọmọ náà sì yè. Ní Nàìjíríà níbí, ilé ìwádìí ìlera ẹranko tó wà ní Vom, nítòsí Jos, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1924, ń ṣe abẹ́rẹ́ àjẹsára ajá fúnra rẹ̀. Ní 2019, Mexico di orílẹ̀-èdè àkọ́kọ́ tí Àjọ Ìlera Àgbáyé jẹ́rìí sí pé ó ti bọ́ lọ́wọ́ dìgbòlugi tí ajá ń kó ran èèyàn. Abẹ́rẹ́ tí wọ́n ń fún ajá lọ́fẹ̀ẹ́ lọ́dọọdún ni wọ́n fi ṣe é, kì í ṣe májèlé. Àwa wà ní Ìbàdàn, ilé ìwòsàn ẹranko sì wà nínú Yunifásítì Ìbàdàn, tí ará Àgbowó lè fẹsẹ̀ rìn dé géètì rẹ̀. Ti ìjọba wà ní Mọ́kọ́lá. Ọmọ ajá tó bá ti pé oṣù mẹ́ta ti tó gba abẹ́rẹ́, á sì máa gbà á lọ́dọọdún. Ẹ fi owó rẹ̀ wé ti abẹ́rẹ́ mẹ́rin tàbí márùn-ún tí ọmọ èèyàn máa gbà tí ajá bá bù ú jẹ, ẹ ó rí i pé kò tó nǹkan.

Tí ajá bá bu ẹnikẹ́ni jẹ nínú ilé yín, tàbí tó fi èékánná ya á lára, ẹ má kọ́kọ́ dúró bá ẹni tó ni ín jà. Ẹ fi ọṣẹ àti omi tó ń ṣàn fọ ojú egbò náà fún ìṣẹ́jú 15. Ẹ wo aago, torí ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún gùn ju bí a ti rò lọ. Ẹ gba ilé ìwòsàn lọ lọ́jọ́ náà gan-an, kí ẹ sì parí gbogbo abẹ́rẹ́ tí wọ́n bá kọ fún yín. Ẹ má da epo pupa sí i, ẹ má fi ata tàbí kẹrosíìnì sí i. Àwọn kan ṣì ń sọ pé kí á pa ajá náà, kí ẹni tó bù jẹ lè jẹ ẹ̀dọ̀ rẹ̀. Yàtọ̀ sí ti ẹ̀sìn, kò ṣe àǹfààní kankan, ó sì ń ba ẹ̀rí jẹ́. Ajá tí wọ́n bá so, tí dókítà ẹranko ṣọ́ fún ọjọ́ mẹ́wàá, tí ara rẹ̀ ṣì dá ṣáṣá, kò ní dìgbòlugi nínú itọ́ nígbà tó bu ọmọ yín jẹ. Ṣùgbọ́n ẹ má dúró de ọjọ́ mẹ́wàá yẹn kí ẹ tó lọ gba abẹ́rẹ́ o.

Ti eégbọn àti aràn kò le tó ìyẹn, àmọ́ ó wà níbẹ̀: ìgbẹ́ ajá tí a kò kó, òjò á gbá a lọ sínú gọ́tà, ẹyin aràn á sì kù sínú iyẹ̀pẹ̀ tí àwọn ọmọ fi ń ṣeré.

Àwọn àgbà ní bí ará ilé ẹni bá ń jẹ kòkòrò búburú tí a kò sọ fún un, hẹ̀rẹ̀huru rẹ̀ kò ní jẹ́ ká sùn lóru. Àwa tí ajá kò sí nílé wa náà jẹ̀bi. A mọ ohun tí abọ́ gbígbẹ yẹn jẹ́, a dákẹ́. Lẹ́yìn tí ajá náà bu ọmọ jẹ, ẹnìkan tún dámọ̀ràn pé kí á fi májèlé eku sínú ẹran, kí á jù ú sí i láti orí ògiri. Mo bá a jà. Ewúrẹ́ lè jẹ ẹ́, ọmọdé lè mú un. Ajá náà kọ́ ló sì so ara rẹ̀ mọ́lẹ̀.

Ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ rìnrìn àjò, ẹ wá ẹni tó máa gba ajá yín tọkàntọkàn kí ẹ tó ra tíkẹ́ẹ̀tì, ẹ sì fi owó oúnjẹ rẹ̀ sọ́tọ̀ kúrò lára owó oṣù máígáàdì. Ẹ má jù ú sí ẹ̀gbẹ́ ọjà. Bákan náà ni ọ̀rọ̀ àwọn ọmọ ológbò tí a ń dì sínú àpò jù sí gọ́tà. Mo sì bẹ àwọn Lẹ́mọ́mù wa pé kí wọ́n fi kútùbá Jímọ̀ kan sọ hadiisi ológbò yẹn, kí wọ́n dárúkọ ajá nínú rẹ̀.

Lẹ́yìn ọ̀rọ̀ ọmọ náà ni àsálátù wá gbà láti pe onílé. Kò bínú bí a ti rò. Ó fi owó ránṣẹ́. Wọ́n ṣọ́ ajá náà pé ọjọ́ mẹ́wàá, kò sí nǹkan tó ṣe é, dókítà ẹranko sì fún un ní abẹ́rẹ́ àti káàdì. A ra abọ́ omi ńlá tí kò lè dojú dé. Arákùnrin tó bi mí lọ́jọ́sí pé kí la fẹ́ fi ajá ṣe, òun ló ń yà wo omi náà bó bá ti ń ti Àsùbáà bọ̀. Ṣéènì nìkan ló ṣì kúrú. Onílé ní tí a bá tú u, á tún jáde. Mo ní kó jẹ́ kí wélídà ṣe ọgbà onírin kékeré fún un ní ẹ̀yìnkùlé. Kò tíì gbà. Àwa méjì máa tún pè é lọ́jọ́ Àìkú yìí, lẹ́yìn àsálátù.